Aṣọ Tí Kò Dé Òkè Ọya

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn aró ni wọ́n fi ń júwe ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo. Wọn á ní, "Máa tẹ̀lé òórùn náà lọ. Ibi tó o bá ti fẹ́ di imú, ibẹ̀ ni." Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni aró náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, bó tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra aṣọ lórí fóònù, ẹ lè má mọ̀ pé Ìyá Àgbà lè jókòó ti aṣọ kan ṣoṣo fún odidi ọ̀sẹ̀, kí ó máa fi ìyẹ́ adìẹ kọ iṣẹ́ sí i lára pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kó tó rì í sínú aró rárá.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà yẹn. Òjò ọdún náà pọ̀, rédíò aládùúgbò wa sì sọ pé odò Ọya ti bo àwọn abúlé kan mọ́lẹ̀ lókè Ọya. A kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ọ̀run ni òkè Ọya wà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà mọ ohun tí omi ń ṣe. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́, odò Ọ̀ṣun ya wọ ilé wọn, ó gbé oúnjẹ, ó gbé ìkòkò aró, aṣọ tó wà lára rẹ̀ nìkan ló kù. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó wá láti Ìperindó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló fún un ní ìró tó fi pọn bàbá mi, ó sì fún un ní irúgbìn ilá. Ilá yẹn la ṣì ń jẹ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́njú. Kò mọ orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó ká ilá tí kò ṣàdúrà fún un.

Olùkọ́ wa, ọmọ Iléṣà, ní kí oníkálukú wa mú aṣọ kan wá láti ilé. Ọkọ̀ kan yóò gbéra láti Iléṣà, yóò kó wọn lọ fún àwọn tí omi lé nílé. Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò wá ògbólógbòó kan fún mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àpótí rẹ̀ ló ṣí, ó mú àdìrẹ tó ti ń ṣe láti ìgbà ààwẹ̀, èyí tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí mo tíì rí.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ti Iléyá yín ńkọ́?"

Ó ní, "Iléyá á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí omi lé kò lè dúró dìgbà yẹn. Ohun tí èèyàn fẹ́ dànù kọ́ ni wọ́n ń pè ní sàráà, ọmọ mi."

Ó ká a, ó fi òwú dì í gbọin-gbọin, ó ní n kò gbọdọ̀ tú u lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ojú mi wọ aṣọ náà. Ní gbogbo òru ọjọ́ yẹn ni mo ń rí ara mi nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Ìyá Àgbà wà nídìí aró, mo gun àjà, mo ti aṣọ náà sínú agbọ̀n àlòkù kan níbẹ̀, mo sì mú ìró mi kan tó ti gbó, tó ya nídìí, mo gbé e lọ sílé ìwé. Olùkọ́ tú u, ó wò ó, ó wò mí.

"Ìyá rẹ ló fi èyí ránṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Aláró tó ń fi àkísà tọrẹ!" Orúkọ Ìyá Àgbà ni mo jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń dùn mí di òní.

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀. Aṣọ tí mo jí, n kò lè ró o! Aláró wo ni yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò ní dá a mọ̀? Iléyá dé, ti èṣí ni mo wọ̀. Aṣọ àrà wà lájà, èmi náà wà nílẹ̀, à ń wo ara wa.

Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú ni Ìyá Àgbà ń bi mí pé, "Àwọn èèyàn wa yẹn, ṣé aṣọ dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ó dé, Ìyá Àgbà."

Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Á ti máa pọn ọmọ kiri lókè Ọya báyìí." Àwọn èèyàn wa ló ń pè wọ́n, àwọn tí kò rí rí.

Mo dàgbà, mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Iléṣà, ibẹ̀ ni mo sì lọ́kọ sí. Aṣọ náà bá mi lọ, nísàlẹ̀ àpótí, pẹ̀lú òwú tí Ìyá Àgbà fi dì í. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ara rẹ̀ kò yá, mo gbé e sínú báàgì, mo gbéra lọ sí Òṣogbo. Mo ti pinnu pé mo máa kúnlẹ̀, mo máa jẹ́wọ́. Mo ti kúnlẹ̀ pàápàá. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì nígbà tó ṣíjú.

Ó ní, "Aṣọ yẹn, ṣé wọ́n tú etí rẹ̀?"

Ohun tó ń sọ kò yé mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ó sì ń wò mí bí ẹni tí ìdáhùn yẹn nìkan ṣẹ́ kù fún láyé.

Mo ní, "Wọ́n tú u, Ìyá Àgbà."

Ó ní, "Alhamdulilahi." Ó pa ojú dé, ó sùn. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo tó já òwú náà nílé mi ní Iléṣà. Aró rẹ̀ ṣì ń dán. Ní etí aṣọ, mo rí kókó kan tí ó so dáadáa, bí àwọn ìyá wa ṣe ń so owó mọ́ etí ìró. Mo tú u. Irúgbìn ilá ni. Kòkòrò ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Mo ṣa èyí tó ṣẹ́ kù, mo gbìn ín sẹ́yìn ilé, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹyọ ọ̀kan pàápàá kò hù nínú wọn.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi kò tilẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ti wà lájà látìbẹ̀rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, bí omi bá ya wọ ilé àwọn èèyàn níbi tó jìnnà, ẹ̀yin ọmọ á fi hàn mí lórí fóònù kí omi ọ̀hún tó gbẹ rárá. Ẹ ó ní, "Ó mà ṣe o!" ẹ ó sì fi ìka ti àwòrán náà kọjá. N kò lẹ́nu láti bá yín wí. Lọ́dún tó kọjá, mo mú aṣọ tuntun kan, mo so irúgbìn ilá mọ́ etí rẹ̀, mo ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi fi ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọn kì í gba aṣọ mọ́." Mo fi owó ránṣẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì wà lórí àga mi. Nígbà tí ọkọ̀ wà, tó ń lọ láti Iléṣà, èmi ni mo gbé ẹrù pamọ́. Nísinsìnyí tí mo ti di ẹrù tèmi tán, n kò rí ọkọ̀ tó ń gba irú rẹ̀ mọ́.