Ọ̀dà Dúdú Lára Ògiri Wa

Ilé wa ò jó. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí a padà dé Warri, nígbà tí a ya sí ẹ̀yìn ọjà Ogbe-Ijoh tí mo sì rí òrùlé wa lókèèrè. Ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò ti di eérú. Òmíràn ku ògiri nìkan. Tiwa dúdú fún èéfín bí ìdí ìkòkò, gíláàsì fèrèsé ti fọ́, ẹnìkan ti yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbé lọ, ṣùgbọ́n ó dúró. Mò ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní kí n mú ọ̀kan. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe méjèèjì, owó yín kọ́ ni mo fi ń ṣe é."

Ará agbègbè Ọ̀yọ́ ni wá. Ọkọ mi ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jà, èmi ń ta aṣọ ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ti ń bá wa gbé láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí, òun ló sì bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa méjèèjì. Ìjà tó lé wa lọ kì í ṣe tiwa. Àwọn ẹ̀yà méjì tí wọ́n jọ ń fa ilẹ̀ ló ń bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í béèrè ìlú ẹni. A kọ́kọ́ sá lọ sí Effurun, a sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ará ìlú wa kan lẹ́bàá Airport Road. Nígbà tí a rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ní tán bọ̀rọ̀, a kó lọ sí Ọ̀yọ́. Bí ìlú sì ṣe rọ̀ díẹ̀ báyìí, a padà, nítorí ibi tí oúnjẹ ẹni wà ni ọkàn ẹni ń fà sí.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ògiri iwájú ilé.

"Kín nìyẹn?"

Ẹnìkan ti fi ọ̀dà dúdú kọ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ọ̀nà títí dé fèrèsé pálọ̀. Ọ̀dà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń dí ìdí ọkọ̀ wọn kí omi má baà wọ̀ ọ́ ni. Àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọ́n wọ́, ọ̀dà sì ti ṣàn láti ara wọn wálẹ̀ kó tó gbẹ. YORUBA. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá ò mọ̀wé òyìnbó kà, kéwú nìkan ló kọ́. Ọkọ mi kà á fún un. Ó jókòó lé ẹrù rẹ̀.

"Wọ́n ti sàmì sí wa," ni ó wí.

Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwa mùsùlùmí á mọ ohun tó ń sọ. Bí iléyá bá ń bọ̀, tí a bá ra àgbò lọ́jà, a máa fi ọ̀dà tàbí aró sàmì sí i lára kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àgbò náà á máa jẹ èèpo iṣu kiri, kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ ni wọ́n sàmì òun dè. Lójú Ìyá, ilé wa ti di àgbò. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ ibi tó máa padà sí.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Warri nígbà yẹn. Àwọn kan ló fúnra wọn kọ orúkọ ẹ̀yà wọn sára ilé kí wọ́n lè dá wọn sí. Àwọn mìíràn, ọ̀tá ló bá wọn kọ ọ́, kí ó lè mọ ilé tó máa jó. Kò sì sí bí èèyàn ṣe máa wo ògiri kó mọ èyí tó jẹ́. A bi gbogbo àwọn tó ti padà sí àdúgbò léèrè, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ tiwa. Obìnrin tó ń yan ẹja tà ní òdìkejì ọ̀nà ìbá mọ̀, nítorí kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí kì í ṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Opó ni, ọmọ ọ̀kan nínú ẹ̀yà méjì tó ń jà sì ni. Ilé pákó rẹ̀ ti jó kanlẹ̀, a ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ìyá ò sùn sílé wa lọ́jọ́ náà. Ó kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Kó tó lọ, ó sọ fún ọkọ mi pé bí àmì yẹn bá ṣì wà lára ògiri nígbà tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, òun máa kó àwọn ọmọ méjèèjì padà sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti dàgbà. Ọkọ mi ní, "Ó dáa, Ìyá." Kò sọ "rárá" fún ìyá rẹ̀ rí, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó ń ba òun náà lẹ́rù. Èmi ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún gún lọ́kàn. Àwọn ọmọ tí mo gbé sá lójú ìbọn, kí wọ́n tún wá gbé wọn kúrò lójú mi nígbà tí ìbọn ti dákẹ́! Mo ní àfi kí a kun ilé yìí.

A ò lówó ọ̀dà olówó ńlá. Ẹfun inú àpò ni mo rà, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé ẹ̀kọ́. Ẹfun lásán máa ń bọ́ sí èèyàn láṣọ bó bá fara kan ògiri, nítorí náà mo se sítáàṣì, mo pò ó mọ́ ọn pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Sítáàṣì yìí kan náà ni àwọn ará Warri fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. Obìnrin kan tó ń kọjá rí mi nídìí ìkòkò, ó ní, "Madam, na wall you wan give chop?"

Mo ní, "Yes o, hunger dey catch am."

Inú ilé la ti bẹ̀rẹ̀. A fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ èéfín kúrò lára ògiri, nítorí bí a bá kun ẹfun lé èéfín lórí, ńṣe ló máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fún yàrá àwọn ọmọ, mo po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ ẹfun, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ìdí ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé máa ń tó, ọkọ mi fi àṣẹ́kù ọ̀dà pupa tí a fi kun ilẹ̀kùn nígbà kan kun ún yí ká. Mo gé fóòmù bí ewé, mò ń tì í bọ inú ọ̀dà, mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi pupa náà. Ọkọ mi ní ewé mi jọ etí ewúrẹ́. Mo ní ẹni tó kun ara rẹ̀ ju ògiri lọ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Nígbà tí yàrá náà gbẹ, mo dúró sí àárín rẹ̀, àyà mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sá lọ.

Ògiri iwájú nìkan ni kò gbọ́ràn. A kun ún, ó funfun báláú, mo rò pé ó ti parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá kó àwọn ọmọ wá wò ó. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ figbe ta: "Mummy, e don come out o!" Lóòótọ́ ni. Àwọn lẹ́tà náà ti yọ gba inú ẹfun, àwọ̀ wọn dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. A tún kun òmíràn lé e, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún yọ.

"Ìyàwó," ni Ìyá wí, "ẹfun ò lè bo ohun tí wọ́n ti pinnu."

"Màámi, ọ̀dà lásán ni. Ohun tó ń bá odò jà, tí odò ò rí i ṣe, ṣé ẹfun olómi ló máa borí ẹ̀?"

Ó ti ń di ẹrù àwọn ọmọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi mú ìgò fífọ́ àti kẹrosíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀rọ̀ náà. Mo mú ọ̀bẹ, mò ń bá a ha á. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá, àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan la tíì rí ha kúrò, Jímọ̀ sì ti dé tán.

"Una don come back! Jesus! Una don come back!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Obìnrin ẹlẹ́ja ni. Ó ti rù, àpò kan ṣoṣo ló gbé lérí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sáré dì mọ́ ọn, ẹfun ara mi sì bò ó. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ògiri, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"So my handwriting bad reach like that? Why una dey scrape am?"

Ọkọ mi dáwọ́ híha dúró.

"Mama, na you write am?" ni mo bi í.

"Who for write am before? Una pick race, leave house for me."

Ó ní lọ́jọ́ kejì tí a sá lọ, àwọn ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yà tó ń bá tirẹ̀ jà ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, wọ́n ń béèrè ẹni tó ni ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dáná sun ún. Ọ̀dà tí ọkọ rẹ̀ fi ń kun ọkọ̀ ojú omi nígbà ayé rẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ agolo kan. Ó gbé e sórí iná tó fi ń yan ẹja, ó yọ́, ó sì fi ìgbálẹ̀ kọ ọ́ sára ilé wa. Ìwé díẹ̀ tó kà ní pírámárì ló bá a ṣe é. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sẹ́yìn ilé wa ni wọ́n dé, òun sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Na Yoruba people, leave am." Wọ́n kọjá.

Mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá bó ṣe ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá ti dá mi dúró. Ó na ìka sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí eérú ilé obìnrin náà wà.

"Bi í pé kín ló dé tí ò kọ ọ́ sára tiẹ̀ náà."

Mo bi í. Ó ń gbọn ẹfun nù lára aṣọ rẹ̀.

"The tar no plenty," ó ní. "And my own, who no sabi who get am?"

Mi ò lè túmọ̀ ìyẹn. Ọkọ mi ló túmọ̀ rẹ̀. Ìyá dìde lórí àpótí. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń kúnlẹ̀ kí, ló fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ sínú ẹfun tó dà sílẹ̀, níwájú obìnrin tí ó lè bí lọ́mọ.

"Mama, no! Abeg, stand up!" Obìnrin náà fà á lápá títí ó fi dìde.

Ìyá gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sínú gọ́tà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ha ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Níbo ló máa sùn?"

"Kò tíì mọ̀, Màámi."

"Kín ni kò mọ̀? Yàrá búlúù yẹn ò ha gba ẹni méjì? Èmi àti ẹ̀ la máa wà níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ yín." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ, lọ sọ fún awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí Ọ̀yọ́ kó fi àyè wa gbé ẹlòmíràn."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gbé àpò àwọn ọmọ mi, mo sáré gbé e wọlé kí Ìyá tó tún sọ̀rọ̀ mìíràn.