Ìbọ̀wọ́ Inú Páálí Bọ̀dá

Ṣíi-Ká-Wò-Ó ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ìròyìn tuntun nípa rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ Àìkú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí ìbọ̀wọ́.

Ìrìn àjò ló fà á. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà mélòó kan fẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè kan tí ogun ti ba ilé ìwòsàn wọn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni olórí wọn. Bọ̀dá, bó ṣe máa ń pè é, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Nọ́ọ̀sì ni òun náà kó tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ti ń wu Ṣíi-Ká-Wò-Ó, nítorí náà nígbà tí wọ́n ní kó bá àwọn lọ, kó sì máa bá àwọn gba ẹrù tí àwọn èèyàn bá fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀.

Ọrẹ wo! Ohun tó yẹ kí wọ́n lọ dà sórí ààtàn ni wọ́n ń gbé wá. Ẹnì kan mú oògùn ojú tó ti lò dé ìdajì wá, irun ìpéǹpéjú ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò náà. Òmíràn di báńdéèjì sínú aṣọ ìbora tó ń rùn fún ìtọ̀. Ìyàwó olùkọ́ kan kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbé eyín àtọwọ́dá ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú kalẹ̀ nínú ife. Ó ní ẹnì kan á sáà rí i lò.

“Ẹnu ta ni wọ́n fẹ́ kí n kì í bọ̀?” ló bi ọmọbìnrin rẹ̀, tó wá ràn án lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbí. Ó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.”

Kò sí páálí tí obìnrin náà kì í ṣí. Á fi imú sí i, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Látinú wọ́ọ̀dù ló ti gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ Bọ̀dá wá dé lọ́jọ́ Àìkú, nínú páálí tuntun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, ọmọ rẹ̀ ní, “Ti Bọ̀dá yín rèé, ẹ má wulẹ̀ ṣí i.” Ó ṣí i.

Pọ́dà rú bò ó lójú. Òórùn pọ́dà ọmọdé ni. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, nǹkan kan sì ha á ní ìka. Ó yí ìka ìbọ̀wọ́ náà síta: ẹ̀jẹ̀ ni, ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Ó tu itọ́ sínú garawa. Wọ́n ká àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ká èyí tí wọ́n bá fọ̀, ó sì mọ kíká náà. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, láyé ìgbà tí ìbọ̀wọ́ nípọn, tí wọ́n ń sè é kí wọ́n tó tún un lò. Ti ìsinsìnyí ò gba sísè. Bí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bọ̀dá wá ya fọ́tò ẹrù.

“Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Kí ló wà nínú páálí yín?”

“Ìbọ̀wọ́ ni. Àbí bàtà lo retí?”

“Èyí tí wọ́n ti wọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe é ni? Àwọn tí à ń lọ bá ò ní nǹkan kan. Ó ṣáà sàn ju ọwọ́ lásán lọ.”

“Ara aboyún la máa tì í bọ̀, Bọ̀dá.”

“Ta ló máa mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kó o nírìíra ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ó mú ìbọ̀wọ́ kan, ó nà án sí i. “Ẹ wọ̀ ọ́.”

Bọ̀dá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ẹ wọ ẹyọ kan péré, màá kó gbogbo ìyókù sínú ẹrù.”

“Ìwọ tí mo tọ́ dàgbà lò ń bá mi sọ irú èyí?”

“Ẹ̀yin náà lẹ tọ́ mi, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wọ̀ ọ́.”

Kò wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ pé bí páálí òun ò bá lọ, àbúrò òun náà ò lọ.

Obìnrin náà gbé páálí náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé ìbọ̀wọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un fọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń bá a gé e, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́lọ́wọ́. “Ìrìn àjò yín ti lọ nìyẹn, Màmá?” Ìyá rẹ̀ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un fọ̀.

Ṣùgbọ́n òun nìkan ni agbẹ̀bí tí wọ́n ní. Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n fàáké kọ́rí pé àwọn ò lọ láìsí i. Bọ̀dá ò wá bẹ̀bẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ló rán sí i pé gbogbo ẹni tó ń lọ, àtòun náà, gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọjọ́rú láàárọ̀ ni wọ́n máa gbà á, ní ilé ìwòsàn Bọ̀dá. Ṣíi-Ká-Wò-Ó ti ra síríǹjì tuntun, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.