Ardis Kettunen, Ẹni Tí Kò Gbà Kí Nǹkan Kan Jẹ́ Orúkọ Mẹ́ta

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Ardis ní Duluth, ìtàn ilé ìtọ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ni. Curt Boyum, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ìkànnì, ti mu kọfí yó, ó wá ń wá ibi tí yóò tọ̀ sí. Ìwé ara ògiri ní kó yà sí òsì, yóò rí "Ilé Ìtura". Ó yà, ó bá ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ "Yàrá Ìparí" sí. Ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó òkú kọ̀ǹpútà sí, ó sáré kọjá. Nígbà tó fi máa padà, ó ti ń lọ́ ẹsẹ̀ mọ́ra. Ardis fúnra rẹ̀, tó ń kọ ìwé ìlò ìkànnì náà, tó sì lẹ àwọn ìwé ara ògiri wọ̀nyẹn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń hun ìbọ̀wọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ilé ìtọ̀ nínú wọn?"

"Nǹkan kan náà ni, Curt. Ìwọ náà lo ní orúkọ ò ṣe nǹkan kan."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Orí ìkànnì wọn ni àwọn aláìsàn kíndìnrín ti ń pe ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ojú-ewé kìíní pe ọkọ̀ náà ní "ìrìnàjò", èkejì pè é ní "ìbéèrè", ímeèlì ní "iṣẹ́". Curt ní ẹni tó bá ti ní làákàyè yóò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Curt ní làákàyè. Àpòòtọ̀ rẹ̀ ni kò ní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Ardis. Ó ti gbé àkàrà òyìnbó lọ bá àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bàbá Reuben Lahti, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní èbúté tí wọ́n ti ń kó irin sínú ọkọ̀ ojú omi, ní òun pe "ìrìnàjò" ní ojú-ewé kìíní, òun wá orúkọ yẹn nínú ímeèlì títí, òun ò rí i, òun rò pé kò wọlé, òun bá jókòó sílé nínú yìnyín. Ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kan fò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a pè é, ìyẹn sì ń dùn ún ju àìsàn lọ. Ardis bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ ń pè é.

"Ọkọ̀ mi. Kí ni kí n tún máa pè é?"

Curt ní ọjọ́ ti lọ, wọn ò lè yí i padà mọ́. Ardis ní òun náà ò ní fọwọ́ sí ìwé ìlò náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà tuntun ìkànnì ò lè jáde láìsí ìyẹn. Kò gbé ohùn sókè, kò jà. Ó kàn mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Curt fi ìkùnsínú yí i padà: "Ọkọ̀ mi" ló kù níbi gbogbo. Ìwé ìlò tó nípọn bíi bíríkì wá di ojú-ewé mẹ́rin. Olùdarí ilé iṣẹ́ bi Ardis pé kí ló ti ń ṣe láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Mò ń pa á rẹ́ ni, sà."

Nígbà tí Ardis kú lóṣù Kejì, gbogbo wọn jẹun ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ̀rín ilé ìtọ̀ ò tíì tán lẹ́nu wọn nígbà tí Bàbá Lahti dìde. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ní àkókò ìfọ̀jẹ̀ ti tó, kí àwọn máa lọ.

"Jókòó, jẹun rẹ. Mo ti fúnra mi pe ọkọ̀ mi láti àná."

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Curt dìde, ó bá bàbá náà di bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú yìnyín títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà.