Gáùn Tí Wọn Ò Rà ní Kọ̀rọ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin yìí ti ń jókòó sídìí tábìlì iwájú ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan. Òun ni oníbàárà ń kọ́kọ́ rí, òun ló ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, òun náà ló ń bu omi fún ẹni tó bá ń sunkún. Àǹtí Yí-i-Síta ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kò sí aṣọ tó máa rà tí kò ní í kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Télọ̀ ni ìyá tó bí i, ìyá náà ló sì kọ́ ọ pé ojú aṣọ lè purọ́, inú ẹ̀ ò lè purọ́.

Orí òkìtì bọ́síkọ̀rọ̀ ló ti ń ra gbogbo ohun tó ń wọ̀. Ẹ ṣáà mọ bí orúkọ yẹn ṣe jẹ́: aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ rí ni, ẹni tó bá fẹ́ rà á á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó bọ́ sí kọ̀rọ̀. Àǹtí ò mọ ìyẹn. Ọ̀sán gangan ló ń lọ, á na gáùn sókè sí oòrùn lójú gbogbo ayé, á máa wá ihò.

Ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé ni ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé ẹni tó bá máa jókòó níwájú gbọ́dọ̀ máa ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó wà ní òdìkejì títì. Ẹni tí kò bá lè rà á, kó lọ máa to fáìlì ní yàrá ẹ̀yìn. Gáùn kan níbẹ̀ ju owó oṣù Àǹtí lọ. Ó lọ wò ó náà. Ó yí inú ẹ̀ síta, ó rí òwú tó ti ń tú, ó rọra gbé e padà síbi tó ti mú un. Inú bí i gan-an. Ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ gba àga nídìí òun?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wọ gáùn aláwọ̀ ewé kan tó ṣà lórí òkìtì, tó fọ̀, tó lọ̀ dáadáa. Ọ̀gá rí i, ó rò pé ti ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ létí gbogbo oníbàárà tó jókòó pé kí wọ́n wo bí aṣọ olówó gọbọi ṣe ń yẹ èèyàn.

Dídákẹ́ ló kù. Bí Àǹtí bá ti dákẹ́, àga di tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó níwájú tiẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ṣé, sà. Bọ́síkọ̀rọ̀ ni."

Ọ̀gá wo ojú àwọn èèyàn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan ká sọ ọ́."

Àǹtí ò dìde. Ó ká etí apá gáùn náà, ó yí inú ẹ̀ síta.

"Mi ò bọ́ sí kọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń rà á, sà. Mi ò ní í bọ́ sí kọ̀rọ̀ torí pé mo wọ̀ ọ́. Ẹ wo inú ẹ̀. Kí ti ṣọ́ọ̀bù yẹn náà fi inú ẹ̀ hàn yín."

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, làwọn yòókù bá gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀gá wọ yàrá ẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí tún àga ẹ̀ fà mọ́ tábìlì, ó ṣí ìwé. "Ta ló kàn?"