Akínfẹ́nwá Onígbàjámọ̀ àti Ìdajì Orí Bọ́lárìnwá

Ẹni tó bá ní òun gbé Díòbù ní Port Harcourt lásìkò ogun, tí kò gbọ́ nípa ìdajì orí Bọ́lárìnwá, irọ́ ló ń pa, kò gbé ibẹ̀.

Ọdún 1968 ni. Sójà ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú. Bọ́lárìnwá, kọngílá tó ń kó ìrẹsì fún sójà, ti Ìbàdàn dé, ó jókòó sórí àga Akínfẹ́nwá onígbàjámọ̀, ó ní kó fá orí òun kodoro. Apá ọ̀tún ti dán tán kí Bọ́lárìnwá tó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, wọ́n ní Ìgbò tó ni ín ti sá lọ. Ẹ bá mi já àgádágodo yẹn, lọ́la ni mò ń kó ẹrù sí i."

Akínfẹ́nwá dá abẹ dúró. "Augustine ló ni ín. Ó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣebí ọmọ Yorùbá kan náà ni wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé àwọn tó bí ẹ ò sọ fún ẹ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí ni?" Ó pa abẹ dé. "Ọjọ́ tó o bá gbàgbé ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kó o wá gba apá òsì."

Onígbàjámọ̀ mìíràn ò sí ládùúgbò, gbogbo wọn ti sá. Bọ́lárìnwá de fìlà mọ́rí, ó fi ìbínú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú ọ̀gá sójà, dandan ni kó ṣí fìlà. Ọ̀gá wò ó títí.

"Contractor, na so you go take supply my rice? Half-half?"

Kí oòrùn tó wọ̀, Bọ́lárìnwá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Akínfẹ́nwá. Kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

Ọmọ Ìlá ni Akínfẹ́nwá, ṣùgbọ́n Port Harcourt ló fi ṣe ilé. Hannah, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ikwerre ni, láti Eneka, abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Akínfẹ́nwá gbà pé òun ni òpìtàn ìlú, nítorí kò séèyàn pàtàkì kankan tí kò gba abẹ́ abẹ òun kọjá. Ó ní Dagogo, bàbá àgbà kan tó ń fárí lọ́dọ̀ òun, ló jágbe mọ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá àkọ́kọ́ títí tó fi gúnlẹ̀. Ọmọ Dagogo fúnra rẹ̀ ní bàbá òun ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé.

"Ilé lo ti mọ bàbá ẹ," ni Akínfẹ́nwá dá a lóhùn. "Èmi mọ̀ ọ́n lórí."

Kí ogun tó dé, Augustine, ọmọ Owerri, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, a máa pariwo láti abẹ́ kẹ̀kẹ́ pé, "Na lie!" Àwọn aládùúgbò á ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Akínfẹ́nwá á ní ogún ọdún tòun ò tíì pé. Ọ̀rẹ́ méjèèjì yìí á jà látàárọ̀, bó bá dọ̀sán, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1967, ọ̀pọ̀ Yorùbá ti gba ilé lọ. Akínfẹ́nwá kọ̀. Nígbà tí ojú tí wọ́n fi ń wò ó ò dára mọ́, Augustine gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Eneka. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti dá wọn dúró lójú ọ̀nà, Augustine á ní, "Na my broder. E no dey hear, e no dey talk." Akínfẹ́nwá sì pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi dé. Augustine búra pé láti ọjọ́ tóun ti mọ̀ ọ́n, ìrìn àjò yẹn nìkan lòun gbádùn.

Lọ́dún kejì, nígbà tí ìró ìbọn sún mọ́ ìlú, ó kan Augustine náà láti sá. Ó gba Eneka kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Look am for me. I dey come."

Akínfẹ́nwá padà sí Díòbù, ó sì ń dúró dè é. Ó máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, á gbá a, á fi òróró pa ṣéènì àwọn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n má baà dípẹtà. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà Owerri wá ló ń bi léèrè. Ìtàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ lásìkò yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń já a nírọ́. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ibà ló pa Akínfẹ́nwá, nígbà tí ọdún 1969 ń lọ sópin. Ogun parí lẹ́yìn náà láìpẹ́.

Augustine dé ní 1970, ó gbẹ, ó rù. Hannah fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Augustine ṣílẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ kan ò sọnù. Ó fọwọ́ yí táyà ọ̀kan, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Hannah wá sọ ti ìdajì orí Bọ́lárìnwá fún un, Augustine rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á.

"Why you dey cry?" Hannah bi í. "See your shop. Nobody touch am."

"I see am, Mama. But no be shop I trek come meet."

Hannah gbé àga méjì síta, àwọn méjèèjì sì jókòó.