Ikọ́ tó Kù nínú Ilé

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, yàrá kan la háyà nínú ilé kan ní Kuje-Amúwò. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Gánà ló wà ní yàrá tó kángun sí tiwa; òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọmọ Festac. Ó ń wúkọ́. Ikọ́ náà máa ń gùn, á sì já sí súfèé tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìyá Onílé, ọmọ bíbí Amúwò, tí yàrá tirẹ̀ wà lẹ́yìn ti télọ̀, sọ fún gbogbo wa pé ikọ́ ife ni.

“Kò sí irú rẹ̀ níbí tẹ́lẹ̀,” ló máa ń wí. “Àwọn àlejò ló gbé e wọ̀lú.” Ó ní ọkùnrin náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù omi wa mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba búláòsì mi, télọ̀ bá mi sọ ọ́. Kò gbójú kúrò lára máṣíìnì.

“Ìyàwó, ara mi dá ṣáṣá nígbà tí mo kúrò nílé. Yàrá yìí ni ikọ́ ti bá mi. A pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà yẹn, fèrèsé ò sì ṣeé ṣí.”

Mo sanwó, mo gba búláòsì mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba kéde lórí rédíò pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílùú wọn. Mo bá a gbé orí máṣíìnì dé Agboju, níbi tí àwọn ọmọ Gánà ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí bọ́dà.

“Bọ̀dá, ẹ lọ rí dókítà tẹ́ ẹ bá délé o.”

“Tí mo bá délé,” ló wí.

Ìyá Onílé fi oògùn apakòkòrò Ísáàlì fọ yàrá náà, ó sun ẹní tí télọ̀ fi sílẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo rò pé èmi nìkan ni mo wà nílé. Mò ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ láti yàrá tó ṣófo. Ó gùn, ó já sí súfèé. Orí mi wú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkùnrin yẹn ti kú sójú ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan. Ikọ́ tún dún, mo wá mọ̀ pé ẹ̀yìn ògiri ló ti ń bọ̀.

Ìyá Onílé ni mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ìborùn náà.

“Màmá, ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti ń ṣe mí kí ìwọ tó dé ilé yìí. Òun ló pa bàbá àwọn ọmọ mi. Àyà la sọ fáráyé pé ó ń dùn ún.”

Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí gbogbo ará ilé wá ṣàyẹ̀wò. Ìyá Onílé gba abẹ́rẹ́, ó lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara rẹ̀ sì yá. Kò bú àlejò mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti bọ́dà dé, á bi í bóyá ó rí télọ̀ kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ní Èkó tí yàrá wọ́n bí ojú, Ìyá Onílé ò fi yàrá télọ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni títí a fi kó lọ. Àwọn tó ń wá ilé á yọjú wò ó, wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Á ní kí wọ́n má bínú, ẹnìkan ń gbé ibẹ̀.