Oògùn Koríko

Inú ń bí mi o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo ti gbàgbé, irọ́ ló ń pa. Ó ti lé lọ́dún kan, mi ò gbàgbé.

Ọmọ mi obìnrin ni koríko ń bá jà. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko tó bo ògiri alámọ̀ tó wó lẹ́yìn agboolé wa ní Bẹẹrẹ bá ń tanná, ojú ọmọ á wú, á máa sín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mímí rẹ̀ á sì máa dún fíìn-fíìn. Ó pàdánù ìdánwò ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló wá fún wa ní oògùn tí mo ní láti máa kán sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ní ìyẹ̀fun òdòdó koríko ló wà nínú ẹ̀, bíńtín báyìí, kí ara ọmọ lè mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní bá a jà mọ́. Ó ní kí n má fo ọjọ́ kan, kí n má sì fi kún un rárá.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ò gbà.

"Ọdún mẹ́ta? Kí ni wọ́n fi ṣe é gan-an?"

Mo ń múra Ọjà'ba, níbi tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ. Ìbéèrè yẹn ti sú mi.

"Koríko ni, Màmá. Koríko tó ń dà á láàmú náà ni oògùn ẹ̀."

Mo gbé báàgì, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, aládùúgbò pè mí lórí fóònù: "Ẹ máa bọ̀ nílé kíá!" Mo bá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa. Màmá di abọ́ ẹ̀kọ mú. Wọ́n ti já òdòdó koríko ẹ̀yìn ilé, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ fún ọmọ mi!

"Mo ṣe é kó pọ̀ ni, kó lè tètè yá. Ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù."

Ọ̀kadà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dá ẹ̀mí ẹ̀ dúró. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nígbà tá a padà délé, mo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí Màmá lójú gbogbo agboolé. Mo ní wọ́n fẹ́ pa ọmọ mi. Mo ní àgbà ò kàn wọ́n. Baálé agboolé wa ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ̀ wọ́n. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orúnkún mi ló kúnlẹ̀, inú mi dúró gangan.

Baálé wá kọjú sí Màmá. "Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé koríko ni oògùn ọmọ yìí?"

Màmá wò mí.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Orí ara mi ni mo ti rò ó."

Mi ò lanu. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tí gbogbo Bẹẹrẹ gbọ́, mi ò lanu.

Ara ọmọ ti ń balẹ̀ báyìí, ó sì ṣe ìdánwò tọdún yìí. Àmọ́ láràárọ̀ tí mo bá ń kán oògùn sábẹ́ ahọ́n ẹ̀, tí Màmá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ẹnu ara mi ni inú ń bí mi sí.